Ọmọbìnrin ti di akọni nínú kàtúùnù, ìyá àgbà ló ṣì ń jẹ́ àjẹ́

Àdúgbò Ayigya nílùú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, múlé gbe ọgbà yunifásítì KNUST. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ibẹ̀, oníṣòwò ń gbé ibẹ̀, Zongo tiẹ̀ tún wà níbẹ̀, níbi tí èdè Hausa àti Twi ti ń dún pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ohun kan, àwọn ọmọdé ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn, ti Cotonou tàbí ti Peckham: bí wọ́n bá ti ti ilé ìwé dé, kàtúùnù ni wọ́n ń béèrè. Bí iná bá wà, wọ́n á tan tẹlifíṣàn. Bí kò bá sí, fóònù ìyá wọn kò ní sinmi.

Èdè tí kàtúùnù náà ń sọ kì í sábà jẹ́ Twi, kì í jẹ́ Hausa, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni, òkèèrè sì ni wọ́n ti kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn inú wọn.

Ẹ bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó dárúkọ ọmọbìnrin tó gbójú nínú kàtúùnù, kò ní ronú jìnnà. Elsa ńkọ́? Moana ńkọ́? Mulan, Tiana, Merida, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ẹ wá bi í lẹ́ẹ̀kejì pé kó dárúkọ ìyá arúgbó kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó fún ọmọ ní èso olóró jẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, tàbí èyí tó ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́ inú ilé gogoro.

Ó ti pẹ́ tí àríyànjiyàn ti ń lọ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣàfihàn obìnrin nínú fíìmù ọmọdé. Ìbéèrè tó máa ń wáyé jù ni pé ṣé ọmọbìnrin náà jókòó ń retí ọmọ ọba tó máa wá gbé e níyàwó, àbí ó dìde ṣe nǹkan fúnra rẹ̀? Ìbéèrè náà wúlò, ó sì ti so èso. Àmọ́ ó fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀, torí ọmọbìnrin kì í wà ní ọmọdé títí ayé. Kí ni kàtúùnù ń sọ fún un pé yóò dà nígbà tó bá pé ẹni ọgọ́ta ọdún?

Ní Ghana, ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè ẹ̀fẹ̀.

Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù?

Ní 2016, àwọn onímọ̀ èdè méjì ní Amẹ́ríkà, Carmen Fought àti Karen Eisenhauer, gbé ìwádìí kan síta. Wọ́n jókòó ti àwọn fíìmù tí ilé iṣẹ́ Disney ṣe nípa àwọn ọmọbìnrin ọba, wọ́n sì ń ka ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu obìnrin jáde àti èyí tó ti ẹnu ọkùnrin jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà lọ́kàn ni pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni obìnrin ń rí ààyè sọ̀rọ̀ sí i.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Snow White, tó jáde ní 1937, obìnrin àti ọkùnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ọ̀rọ̀ náà lọ́gbọọgba. Nínú Cinderella ti 1950, obìnrin ló sọ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú Sleeping Beauty ti 1959, ti obìnrin dé ìdá 71. Ìgbà tí The Little Mermaid dé ní 1989 ni nǹkan yí padà bìrí, tí ọkùnrin gba ìdá 68. Nínú Beauty and the Beast, ọkùnrin gba 71; nínú Aladdin, 90. Mulan pàápàá, níbi tó ti jẹ́ pé ọmọbìnrin ló gbé idà lọ sójú ogun, ọkùnrin ló sọ ìdá 77 nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Kódà nínú Frozen ti 2013, tó jẹ́ ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì, ìdá 41 péré ló kan obìnrin.

Ó yẹ kéèyàn dúró díẹ̀ lórí Sleeping Beauty. Ọmọbìnrin tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan níbẹ̀. Oorun ló ń sùn, bí orúkọ fíìmù náà ṣe wí. Ta wá ni àwọn obìnrin tó ń sọ ìdá 71 náà? Àwọn iwin rere mẹ́ta tó tọ́ ọ dàgbà ni, Flora, Fauna àti Merryweather, pẹ̀lú Maleficent tó jẹ́ ọ̀tá wọn. Àwọn àgbà obìnrin ló ń bára wọn jà, tí wọ́n ń gbèrò, tí wọ́n ń ṣàwàdà, tí wọ́n ń jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ.

Nígbà tí ọmọbìnrin wá di akọni ní 1989, àwọn àgbà obìnrin yẹn kò bá a wá. Bàbá ló yí Ariel ká, pẹ̀lú akàn, ẹja, ẹyẹ òkun àti ọmọ ọba. Akọ sì ni gbogbo wọn. Àgbà obìnrin kan ṣoṣo tó lágbára níbẹ̀ ni Ursula, òun náà ló gba ohùn lọ́fun ọmọ. Ọmọbìnrin gba iwájú, àwọn ìyá kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá dà?

Ariel kò ní ìyá. Belle kò ní ìyá. Jasmine kò ní ìyá. Ti Pocahontas ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Òkun gbé ìyá Elsa àti Anna lọ pẹ̀lú bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ lórí ọmọbìnrin nìkan: ọdẹ yìnbọn pa ìyá Bambi ní 1942, ẹja ńlá sì pa ìyá Nemo jẹ kí fíìmù rẹ̀ ti 2003 tó rìn jìnnà.

Ìdí rẹ̀ kò le láti mọ̀. Ìyá tó wà nílé kò ní gbà kí ọmọ ọdún mẹ́wàá jáde lóru lọ bá abàmì ẹ̀dá jà. Bí òǹkọ̀wé bá ti yọ ìyá kúrò, ọ̀nà là fún ìrìn àjò. Ohun tó burú ni ẹni tí wọ́n máa ń fi dípò rẹ̀. Ìyàwó bàbá ni, àbí àjẹ́ tó ń ṣe bí ìyá. Nínú Tangled ti 2010, Gothel jí ọmọ ọba gbé nítorí pé irun ọmọ náà ló ń sọ òun di ọ̀dọ́. Nígbà tí wọ́n gé irun yẹn kúrò, ojú ẹsẹ̀ ni Gothel hun, tó gbó, tó sì di eruku. Arúgbó tí obìnrin náà di gan-an ni ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ìwádìí mìíràn tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2007 yẹ fíìmù Disney 34 wò, kìkì nítorí àwọn àgbàlagbà inú wọn. Ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n fi hàn bí ènìyàn dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ṣàfihàn bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ́nà tí kò dára: oníbìínú, ìkà, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé mọ́.

Láti ìgbà náà, àwọn ìyá rere kan ti dé. Ìyá Merida nínú Brave ti 2012 wà láàyè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ di béárì. Obìnrin ló sì sọ ìdá 74 nínú ọ̀rọ̀ fíìmù yẹn. Tala, ìyá àgbà Moana, ló fi ọ̀nà òkun han ọmọ-ọmọ rẹ̀ nígbà tí bàbá ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Nínú Coco ti 2017, inú ìrántí arúgbó kan tí ń jẹ́ Mamá Coco ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìtàn náà wà. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n a ṣì lè kà wọ́n lórí ìka ọwọ́.

Ṣé ohun tí ọmọdé ń wò tiẹ̀ ń ràn án? Sarah Coyne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Brigham Young ní Amẹ́ríkà tẹ̀lé ọmọ 198 fún ọdún kan, wọ́n sì sọ ní 2016 pé àwọn tó rì sínú àwọn ọmọbìnrin ọba Disney jù ló ń fara mọ́ ìwà tí ayé kà sí ti obìnrin jù, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn ọmọ náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2021 yàtọ̀: àwọn tó fẹ́ràn ọmọbìnrin ọba nígbà yẹn ló wá ń rí obìnrin bí ẹni tó bá ọkùnrin dọ́gba ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá ní kàtúùnù kan ń sọ ọmọ di báyìí tàbí báyẹn, ó yẹ kó fara balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kọjá orí tẹlifíṣàn

Ní ọjọ́ 23, oṣù Keje, ọdún 2020, ní Kafaba, lẹ́kùn Savannah ní àríwá Ghana, wọ́n lu obìnrin ẹni 90 ọdún kan, Akua Denteh, pa ní gbangba. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé àjẹ́ ni. Àwọn ènìyàn dúró ń wò, ẹnì kan sì ń ya fídíò. Fídíò náà ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí gbogbo Ghana.

Ó ti pẹ́ tí ìlú ti mọ̀ nípa àwọn ibùdó ní Gambaga, Kukuo, Gnani àti Kpatinga, níbi tí àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ti ń sá pamọ́ sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti dàgbà, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ opó. Nínú ìròyìn tí àjọ Amnesty International gbé jáde ní 2025, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló ṣì wà níbẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ghana fọwọ́ sí àbá òfin kan ní oṣù Keje, 2023, láti sọ fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kanni di ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n Ààrẹ ìgbà náà, Nana Akufo-Addo, kò buwọ́ lù ú.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé kàtúùnù ló pa Akua Denteh. Ìgbàgbọ́ nípa àjẹ́ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Disney, Kafaba sì jìnnà sí Kumasi. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé inú Zongo káàkiri Kumasi ló ní ẹbí ní àríwá, ọmọ ibẹ̀ sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àjẹ́ lẹ́nu àgbà láàárọ̀, kó rí i lórí tẹlifíṣàn lálẹ́. Ọmọ tó wo fíìmù kan náà nílùú London mọ̀ pé ìtàn ni. Ọmọ tó ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n lé ìyá arúgbó kan kúrò nílùú, kí ni òun máa rí? Ojú tó hun, ẹ̀yìn tó tẹ̀, ohùn tó ń gbọ̀n, ilé tó dá wà. Àwọn àmì tí oníkàtúùnù fi ń sọ pé ìkà nìyí kò yàtọ̀ sí àwọn àmì tí wọ́n ń wò lára opó abúlé kí wọ́n tó sọ̀kò lù ú.

Ẹ jẹ́ ká lọ bi ìyá àgbà

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí ṣòroó gbà ni pé ilẹ̀ Asante, tí Ayigya wà nínú rẹ̀, ní ojú mìíràn tó fi ń wo àgbà obìnrin. Bí àwọn àgbààgbà bá ń dájọ́ níwájú ọba, tí ọ̀rọ̀ sì ta kókó, wọ́n á dìde sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní àwọn ń lọ bi abrewa, ìyẹn ìyá àgbà. Ó lè má sí ìyá kankan lẹ́yìn ilé lọ́hùn-ún. Èrò wọn ni pé ìgbìmọ̀ tó bá jinlẹ̀, ibi tí ìyá àgbà wà ló ti ń wá. Asantehemaa, ìyá ọba, ló sì ń fa ọmọ oyè kalẹ̀ nígbà tí ìtẹ́ Asantehene bá ṣófo.

Ẹni tí ìtàn Asante kò lè gbàgbé láéláé, ìyá àgbà lòun náà. Bí èèyàn bá gba ọ̀nà Accra jáde ní Kumasi, tó kọjá KNUST, yóò dé Ejisu. Ibẹ̀ ni Yaa Asantewaa ti jẹ́ ìyá ọba. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kó ọba Prempeh lọ ní 1896, wọ́n kó ọmọ-ọmọ Yaa Asantewaa tó jẹ́ ọba Ejisu mọ́ ọn. Nígbà tí gómìnà Gẹ̀ẹ́sì wá ń béèrè Àga Wúrà ní 1900, ìyá yìí ló ṣíwájú ogun. Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Wọ́n kó o lọ sí erékùsù Seychelles, ibẹ̀ ló kú sí ní 1921. Ilé ìwé gíga àwọn ọmọbìnrin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Kumasi títí di òní.

Èyí kò sọ pé ojú rere nìkan ni Asante fi ń wo ìyá arúgbó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, òòṣà kan tí wọ́n ń pè ní Aberewa, orúkọ ìyá àgbà yẹn kan náà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá tọ̀ kó bá wọn mú àjẹ́, kí ìjọba amúnisìn tó fòfin dè é ní 1908. Nínú ìtàn ilẹ̀ yìí, ìyá àgbà lè jẹ́ onídàájọ́, ó lè jẹ́ jagunjagun, ó lè jẹ́ ẹni tó ń mú àjẹ́, ó sì lè jẹ́ àjẹ́ fúnra rẹ̀. Ti ìkẹyìn yẹn nìkan ni kàtúùnù òkèèrè sábà máa ń mú.

Bí àwọn ará ilé fúnra wọn bá sì ń sọ ìtàn, obìnrin lè bọ́ sọnù níbẹ̀ náà. Gbogbo ọmọ Ghana ló mọ bí Ananse, alántakùn ọlọ́gbọ́n, ṣe ra gbogbo ìtàn ayé lọ́wọ́ Nyame, Ọlọ́run òkè. Nyame ní kó mú erè, ẹkùn, agbọ́n àti egbére wá. Nínú ìwé ìtàn Asante tí R. S. Rattray tẹ̀ jáde ní 1930, tó kọ Twi àti Gẹ̀ẹ́sì síra wọn, Aso ìyàwó Ananse ni ọlọ́gbọ́n gan-an. Òun ló ní kó gé imọ̀ ọ̀pẹ kó fi mú erè, òun ló ní kó bu omi sínú akèrègbè nítorí agbọ́n. Nígbà tó kan ti ẹkùn, Aso kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Ananse fi ní ó tó, ó ti yé òun. Ananse tún mú Nsia, ìyá tó bí i, ó fi kún iye tó san.

Ẹni tó bá ń gé ìtàn náà kúrú fún ọmọdé, Aso àti Nsia ni yóò tètè yọ. Ohun tó kù ni ọkùnrin kan tó gbọ́n ju gbogbo ayé lọ.

Nílé wa ńkọ́?

Yorùbá kì í ṣe àlejò ní Kumasi. Òwò ló gbé wọn débẹ̀, Alata sì ni ọ̀pọ̀ ará Asante mọ̀ wọ́n sí. Nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá, 1969, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ẹbí kó ẹrù wọn padà sí Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà. Àwọn àgbà tó ṣì ń sọ Twi wà láwọn ìlú náà, àwọn mìíràn sì ti gbọ́ ìtàn Ananse kí wọ́n tó gbọ́ ti Ìjàpá.

Nínú ìtàn tiwa náà, Yánníbo ìyàwó Ìjàpá kì í sábà sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó ń wá, ọmọ tàbí oúnjẹ, ni ọkọ rẹ̀ máa ń torí rẹ̀ kó sí wàhálà. Ní ti àwọn kàtúùnù àlọ́ tó kún YouTube ní èdè Yorùbá lónìí, ìyálé burúkú àti ìyàwó bàbá tó ń febi pa ọmọ orogún kò jìnnà sí wọn. Ó rọrùn láti yà wọ́n, kíá ni òǹwòran mọ ẹni tó yẹ kó kórìíra. Àṣà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tó jẹ́ oníṣòwò ńlá, ìkà ni ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n sí lónìí, láti inú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ìyálóde tó bá àwọn olóyè ọkùnrin takò lórí ọ̀rọ̀ ogun kò rí ààyè tó bẹ́ẹ̀ nínú ìrántí ìlú.

Àwọn òǹkàwé ní Benin àti Togo yóò ti rántí Kirikou. Fíìmù Kirikou et la sorcière, tí ará Faransé Michel Ocelot gbé jáde ní 1998, abúlé kan ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ìtàn rẹ̀ wà. Conakry ni Ocelot gbé ní kékeré. Àwọn ọmọ Senegal wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, Youssou N'Dour ló sì ṣe orin rẹ̀. Ìbínú tó tẹ̀ lé e ní àwọn ilẹ̀ kan dá lórí ọmú tó wà níta, bí ẹni pé ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú fíìmù náà nìyẹn.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni Karaba, àjẹ́ inú ìtàn. Gbogbo abúlé ló ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n ní ó ti pa àwọn ọkùnrin wọn jẹ. Ọmọ kékeré náà, Kirikou, nìkan ló ń béèrè ohun tí àgbà kò bi ara wọn: kí ló dé tí Karaba fi burú? Ìdáhùn ni pé àwọn ọkùnrin dì í mú, wọ́n kan ẹ̀gún olóró mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìrora náà kò fi í sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí ẹ̀gún jáde, ìwà ìkà lọ. Ẹnì kan lè ṣàríwísí ìparí rẹ̀, níbi tó ti kù sí ìgbéyàwó bíi ti Cinderella. Síbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí kàtúùnù ọmọdé béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún obìnrin kan kó tó di ẹni tí wọ́n ń pè ní àjẹ́. Ìyá Kirikou náà wà láàyè, ó sì gbọ́n.

Àwọn tó ń ya tiwọn

Láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọmọ Áfíríkà ti ń ya kàtúùnù tirẹ̀ jáde ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Blessing Amidu, obìnrin, ló ṣe agbátẹrù Lady Buckit and the Motley Mopsters, tí Adebisi Adetayo darí, tó sì jáde ní Nàìjíríà ní 2020. Ọmọbìnrin kékeré ni akọni inú rẹ̀. Iwájú, tí ilé iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe, tó sì bẹ̀rẹ̀ lórí Disney+ ní oṣù Kejì, 2024, jẹ́ ìtàn Tọlá, ọmọ olówó ní Erékùsù Èkó tó fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí lápá kejì. Ọkùnrin ni Bọ́dé tó jẹ́ ìkà inú rẹ̀. Ní Ghana, Comfort Arthur, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fíìmù kékeré kan ní 2016, Black Barbie, nípa ọmọbìnrin tó fẹ́ bó ara rẹ̀ di funfun. Ìtàn ara rẹ̀ ló sọ.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, Supa Team 4 ló dáhùn ọ̀rọ̀ ìyá àgbà jù. Malenga Mulendema, ọmọ Zambia, ló dá a sílẹ̀, Netflix sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní oṣù Keje, 2023. Ọmọbìnrin mẹ́rin ló ń gba ìlú Lusaka lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn. Ẹni tó kó wọn jọ, tó kọ́ wọn níṣẹ́, tó sì ń rán wọn jáde ni Mama K, ìyá àgbà kan tó ti jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí. Ara rẹ̀ kò le tó ti tẹ́lẹ̀ láti máa fò lórí òrùlé, ìdí nìyẹn tó fi ń wá ọmọ.

Irú Mama K kò ṣòroó rí ní Kumasi. Ibi ìyàwòrán náà kò sì jìnnà sí Ayigya: iléèwé iṣẹ́ ọnà wà ní KNUST, yunifásítì yẹn kan náà ni Eyram Tawia ti ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kó tó wà lára àwọn tó dá Leti Arts sílẹ̀ ní 2009, ilé iṣẹ́ tó ń fi àwọn akọni Áfíríkà ṣe géèmù àti ìwé àwòrán. Owó ni ìṣòro. Kàtúùnù ń gba owó àti àkókò ju eré tí wọ́n fi kámẹ́rà yà lọ, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn sì lè ra ti òkèèrè tó ti gbó ní owó pọ́ọ́kú.

Òbí tó bá fẹ́ nǹkan mìíràn fún ọmọ rẹ̀ lónìí lè wá Bino and Fino, tí Adamu Waziri bẹ̀rẹ̀ ní Abuja. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, ọkùnrin kan, obìnrin kan, àwọn òbí àgbà wọn ni wọ́n sì ń bá gbé. Ó wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú. Mama Mama ni orúkọ ìyá àgbà ibẹ̀. Kò ní oògùn lọ́wọ́, ẹyẹ òru kò sì bà lé òrùlé rẹ̀. Ó ń tọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni.